Ohun Tí Wọ́n Gbé Kọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Bí Sàlímọ́tù bá ń wọ̀n ọ́ láti ránṣọ, mú sùúrù, nítorí ẹnu rẹ̀ yóò wọ̀n ọ́ pẹ̀lú. Ó ní ìdí mi ti ń sá kúrò lẹ́yìn mi, èmi tí mò ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin Ìsẹ́yìn ni, ó ti pẹ́ tó ti ń ránṣọ ní Amùkòkò l'Ékòó.

Dáhùnsí alágbo gba ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tirẹ̀. Àgbo tí àwọn dẹ́rẹ́bà tírélà máa ń mu kí ara wọn lè yá lọ́dọ̀ ìyàwó ló ń tà. Sàlímọ́tù kò bá a jà, iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Àfi ọjọ́ tí Dáhùnsí gbé àwòrán obìnrin oníhòòhò kọ́ ẹnu ọ̀nà, tó ga ju ilẹ̀kùn lọ.

Ládùúgbò wa, ohun tí o bá gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà lò ń tà. Oníbàtà a so bàtà kan, Sàlímọ́tù a fi gáùn kọ́. Báyìí ni àwọn dẹ́rẹ́bà Creek Road ṣe ń wo àwòrán yìí, tí wọ́n á yíjú sí Zulfah, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ Sàlímọ́tù, tí wọ́n á ní èló ni. Orí wọn kò pé. Oṣù díẹ̀ ló kù kí Zulfah parí iṣẹ́, ìyá rẹ̀ sì ní bí àwòrán náà kò bá kúrò, òun yóò mú ọmọ òun lọ.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: Dáhùnsí kì í kí àgbà ní ìdúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sàlímọ́tù ní kó yọ àwòrán náà, ó kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ sì dé ìpàdé àdúgbò, níwájú Alàgbà Adéjùwọ́n, alága wa.

"Ẹ̀tọ́ mi ni láti sọ ohun tó bá wù mí," Dáhùnsí ní. "Ìyá Télọ̀ fẹ́ pa mí lẹ́nu mọ́. Àwòrán lásán sì ni, kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni."

"Èwo ni ká gbà?" Sàlímọ́tù bi í. "Bí kò bá sọ nǹkan kan, a jẹ́ pé mi ò pa ẹnu kankan mọ́. Bó bá sì ń sọ̀rọ̀, ṣé mo lè béèrè ohun tó ń sọ nípa wa?"

A rẹ́rìn-ín. Dáhùnsí náà rẹ́rìn-ín.

"Polówó àgbo ẹ títí ohùn ẹ á fi há," Sàlímọ́tù ń bá a lọ. "Gbé àwòrán yẹn kọ́ yàrá ẹ, kó o máa wò ó sùn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la ni títì. Àwòrán yẹn ti sọ ohun tí obìnrin jẹ́ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá kí àwa tó lanu. Bí a bá wá sọ̀rọ̀, ta ló ń gbọ́?"

"Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ báyìí, mà," Dáhùnsí fèsì, "gbogbo wa la sì ń gbọ́ yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì dùn mí pé ó dùn. Alága mi orí, ó ní kí Zulfah náà sọ tẹnu ẹ̀.

Zulfah dìde. "Ẹ ṣé, sà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé..."

"Fine girl, how much?" ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín.

Zulfah dúró títí ẹ̀rín fi tán. Inú bí mi débi pé omi lé sójú mi.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn, sà," ó ní, ó sì jókòó.

Dáhùnsí dìde, ó lọ wá àkàbà, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.