Máìlì Méjì Tí Mi Ò Sá

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti ṣíwájú gbogbo àwọn tó ń sá eré ìje rí ní Dallas, láàárín yìnyín, tí kò sí nǹkan kan níwájú mi àfi mọ́tò ọlọ́pàá. Òótọ́ ni, mi ò parọ́. Ìṣẹ́jú méjì péré ni. Ibi tí wọ́n ní kí àwọn ògbóǹtarìgì dúró sí ni mo lọ dúró sí, torí mi ò ka bébà tí wọ́n fún wa. Bí wọ́n ṣe yìnbọn, mo bẹ́ gìjà bí adìẹ tí wọ́n lé kúrò nídìí àgbàdo. Ká tó dé iná títì kejì, àwọn tó mọ eré sá ti ń kọjá lára mi bí ẹni ń kọjá lára òpó iná.

Ọdún yẹn náà ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀. Yunifásítì kan ní Denton ni mo wà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní kí n kọ́, bíi ti màmá mi. Kì í ṣe pé wọ́n lé mi o. Ẹni tí wọ́n lé ṣáà níyì díẹ̀, ó kéré tán, ó ṣe nǹkan. Àwọn kan máa ń sá kúrò nílé ìwé, èmi sùn kúrò níbẹ̀ ni. Màá jí ní aago mọ́kànlá, màá sọ fún ara mi pé kíláàsì ti kọjá, màá yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tó yá, mo kó báàgì méjì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì mi padà sílé wa ní Forney.

Màmá mi sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì tán. Dádì mi kò sunkún. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe ní Allen, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọn ò pariwo, wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ṣíwọ́ bíbá mi sọ̀rọ̀ ni. Tí ìdọ̀tí bá kún, wọ́n á kọjú sí màmá mi, wọ́n á ní, "Bá mi sọ fún ẹni yẹn kó lọ dà á nù." Bẹ́ẹ̀ ẹni yẹn jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn àgbà bá bi wọ́n pé, "Ọmọ yín tó wà ní Denton ńkọ́?" wọ́n á ní, "Ó wà." Mo sì ń bẹ lẹ́yìn wọn gan-an, mo ń wo bàtà mi.

Lọ́jọ́ kan nídìí oúnjẹ, mo ní mo fẹ́ padà sí ilé ìwé. Dádì gbé ṣíbí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ láti oṣù méjì nìyí: "Kí lo ti bẹ̀rẹ̀ rí tí o parí?"

Mo ronú. Dùùrù, oṣù mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù agbọ̀n, wọ́n ṣì ń bi mí níbo ni aṣọ wọn wà títí di òní. Ẹnu mi wá dáhùn kí ọpọlọ mi tó jí: "Màá sá ìdajì máratọ́ọ̀nù, sà." Dádì sáré fún ilé ìwé wọn rí ní Ìbàdàn, fọ́tò ẹ̀ wà lára ògiri ní ọ̀ọ́kán mi. Mo rò pé fọ́tò yẹn ló kó bá mi.

"Máìlì mẹ́tàlá? Nínú òtútù yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Mi ò ní kí o gba ipò kankan. Parí ẹ̀. Tí o bá parí ẹ̀, èmi fúnra mi á bá ẹ lọ sí Denton lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà ẹ́ padà. Tí o ò bá parí ẹ̀, má dárúkọ ilé ìwé létí mi mọ́."

Báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárín àwọn ilé tuntun àdúgbò wa. Màá sá máìlì mẹ́ta, màá kọ márùn-ún sílẹ̀. Ta ni mò ń tàn jẹ? Èmi nìkan ni mò ń ka ìwé náà.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan, òjò dídì rọ̀. Dallas ò mọ nǹkan tí wọ́n ń fi yìnyín ṣe. Tó bá ti bọ́ díẹ̀, gbogbo fíríwéè, títì ńlá wọn, á dá páropáro. Mo gbàdúrà kí wọ́n fagi lé eré náà. Wọ́n da iyanrìn sójú títì, wọ́n ní ká máa bọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, Dádì ti jáde kí n tó jí. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ẹ ò rí i, wọn ò tiẹ̀ bìkítà. Màmá mi ló dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò òróró àdúrà wọn.

"Mú bàtà yẹn wá."

"Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi bàtà ṣe?"

"Ìwọ ṣáà mú un wá."

Nọ́ọ̀sì ni wọ́n o, ogún ọdún nídìí àwọn tó ń ṣubú lórí yìnyín. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n fi òróró pa inú bàtà, wọ́n yí i padà, wọ́n pa àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ náà. Kí ni èmi ọ̀mọ̀wé sọ? Mo ní, "Ẹ fi kún ti ọ̀tún, ẹsẹ̀ yẹn ló máa ń dùn mí."

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, atẹ́gùn tó ń ti orí adágún odò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wá ń gbá mi létí bíi tíṣà. Omi tí wọ́n ń pín fún wa ti ń dì nínú kọ́ọ̀pù. Ní máìlì kẹsàn-án, ẹsẹ̀ ọ̀tún tó gba òróró jù lọ lọ sí ibi tó wù ú, mo sì fìdí balẹ̀ gbìì níwájú àǹtí kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń pín omi.

"Yéè! Ọmọ nọ́ọ̀sì! Kí ló dé?"

"Òróró ni, mà. Mọ́mì fi sí abẹ́ bàtà mi."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí wọn lára. "Ṣé ẹ fẹ́ dín dòdò sójú títì ni? Dìde jàre, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé!"

Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò ta òróró sí bàtà wọn náà ń ṣubú yí mi ká. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dìde, wọ́n ń lọ.

Èmi náà dìde, mo ń tiro. Lẹ́yìn máìlì kẹwàá, ọ̀nà yí wọ etí adágún, ó máa yípo fún máìlì méjì kó tó padà wá sí ẹ̀yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí kan. Láti ibi tí mo wà, mò ń wo àwọn tó ti yípo tán ní òdìkejì, kò jìnnà. Ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ibẹ̀ ti wọ mọ́tò ẹ̀ lọ yáná. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mo gba àárín àwọn mọ́tò kọjá. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ò dùn mí mọ́ rárá?

Wọ́n fi mẹ́dàlì kọ́ mi lọ́rùn. Màmá mi ń kọrin, wọ́n ń di mọ́ àwọn òyìnbó tí wọn ò mọ̀ rí. Mo pe Dádì lórí fóònù.

"Dádì! Mo ti parí ẹ̀!"

Atẹ́gùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. "Níbo lo wà?"

"Ibi tí eré parí sí, sà. Mẹ́dàlì wà lọ́rùn mi."

"Máìlì kọkànlá ni mo wà," ni wọ́n ní. "Mi ò tíì kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀."

Nígbà tí wọ́n rìn dé ọ̀dọ̀ wa, mo rí i pé bàtà eré ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Màmá mi ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Dádì ní ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ máa ń kú fún ẹni tó bá ń sáré, àwọn fẹ́ bá mi sá ìyókù. Ètè wọn ti funfun. Ìka wọn ti gan débi pé wọn ò lè ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Wọ́n na kọ́ọ̀pù tíì onídèérí kan sí mi. Ó ti tutù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa, mo jókòó sí pálọ̀ láti aago méje. Dádì ti gbàyè níbi iṣẹ́ fún ọjọ́ náà. Wọ́n fọ mọ́tò láàárọ̀, wọ́n tún un fọ̀ lọ́sàn-án. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Denton.

Ilé ìkẹ́rùsí kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mò ń lẹ bébà mọ́ páálí. Ọdún kẹta rèé, òun ló pẹ́ jù nínú ohun tí mo ti ṣe rí. Mo tún ń sáré, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Tí mo bá sá máìlì mẹ́ta, mẹ́ta ni mò ń kọ. Mo ti lọ dá nìkan sá ọ̀nà etí adágún yẹn láìmọye ìgbà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì kan, pẹ́pẹ́yẹ díẹ̀. Ibi téèyàn lè dúró sí kó sì máa wo ọ̀nà dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń jẹun lọ́wọ́, mo ní, "Dádì, mo ti forúkọ sílẹ̀ fún eré yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo ẹ̀ ni màá sá. Ṣé ẹ máa wá?"

Wọ́n jẹ èyí tó wà lẹ́nu wọn tán.

"Rárá," ni wọ́n ní. "Mo ti dúró lẹ́ẹ̀kan."