Ìsàlẹ̀ Ọ̀rọ̀ Ọnọ́rébù

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ ń bi mí ohun tí a lọ ṣe ní Ìsọlọ̀ lọ́dún tí ogun bẹ́ sílẹ̀ lókè òkun. N kì í lè sọ̀rọ̀ láwùjọ, ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilẹ̀ tí ogun náà dé ni Kúnlé ẹ̀gbọ́n mi ti ń kàwé. Ibẹ̀ ni Ṣùkúrà náà wà, ọmọ ọ̀gá mi obìnrin tó ń ta aṣọ òkìríkà ní ọjà Aswani. Wọn kò rí ọ̀nà wálé. Ọnọ́rébù àdúgbò wa sì sọ lórí rédíò pé ọ̀rẹ́ wa ni orílẹ̀-èdè tó gbé ogun jáde, kí a má dá sí i.

Àwa obìnrin ọjà fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ìbò ti ń sún mọ́lé. Ó jáde tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ogun yìí ti yí mi lọ́kàn padà! Ẹni tó ń pa ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣọ̀rẹ́ wa mọ́. Mo máa pariwo ẹ̀ l'Ábújá!"

Àtẹ́wọ́ sọ gèè. Ìyá Ṣùkúrà, ọ̀gá mi, nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń di òkìríkà máa ń to aṣọ tó dáa sókè ẹrù tí à ń pè ní bẹ́ẹ̀lì, àkísà á wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, tí a bá ti já okùn rẹ̀, a máa ń ki apá bọ̀ ọ́ dé èjìká kí ẹnikẹ́ni tó yọ̀.

Ọ̀gá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Òkè bẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Kiwọ́ bọ̀ ọ́."

"Èmi kẹ̀, mà?"

"Wọ́n ti mọ ariwo tèmi. Ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa dákẹ́ gbọ́."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ogun bá parí, tí ìbò náà parí, kí lẹ máa gbà gbọ́ nígbà yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, ta ló rán ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn obìnrin figbe ta: "Ẹ dá a lóhùn!" A kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi pe Ábújá lójú wa pé kí wọ́n fi bàálù kó àwọn ọmọ wa wálé.

Nígbà tí bàálù dé, Kúnlé wà nínú rẹ̀. Ṣùkúrà kò sí.

Ọnọ́rébù wọlé ìbò. Kò pẹ́ tí mo tún gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò: ogun ti kọ́ òun lọ́gbọ́n, ọ̀rẹ́ àtijọ́ kò ṣe é jù nù. Bóyá ogun máa ń yí ọkàn àwọn aṣáájú padà lóòótọ́, n ò mọ̀. Ogun kan náà ṣáà ni Ọnọ́rébù tiwa fi gbé èrò méjèèjì kalẹ̀. Ẹni tó ní òun á dá ẹ láṣọ, tọrùn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò.

A gba Kúnlé padà. Wọ́n ṣì jẹ wá ní Ṣùkúrà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ọjà bá kún, Kúnlé ló ń bá ìyá Ṣùkúrà já okùn bẹ́ẹ̀lì. Kì í lè wo ojú wọn.

Ìbò mìíràn ń bọ̀. Ọnọ́rébù á tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò ní fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi kí n tó bi í pé Ṣùkúrà dà.