Amúnútutù Ẹ̀yìn Balùwẹ̀ Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí iṣẹ́ mi nínú ilé kò tíì ju kí wọ́n rán mi lọ já ẹ̀fọ́ lọ, amúnútutù kan wà lẹ́yìn balùwẹ̀ wa ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀fọ́ tó máa ń fà ni, ewé rẹ̀ nípọn, ó sì ń yọ̀ lẹ́nu. Omi ìwẹ̀ wa ló ń mu, ó ti fà gun ògiri títí dé orí páànù, kò sì sẹ́ni tó kà á sí. Àwa ọmọdé a máa já èso rẹ̀ tó ti pọ́n dúdú, a ó fi omi rẹ̀ kun ètè, a ó wá máa ṣe ìyàwó kiri àdúgbò.

Ọdún tí bàbá mi kú ni mo tó mọ ìwúlò rẹ̀. Ìyá mi ń ṣe opó. Kò gbọdọ̀ jáde, kò gbọdọ̀ lọ sọ́jà, bẹ́ẹ̀ ọjà tó ń tà ló ń bọ́ wa. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó kún ilé lọ́jọ́ ìsìnkú ti jẹun tán, wọ́n ti bá tiwọn lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ebi pa wá. Ìyá mi a dúró lójú fèrèsé, a máa sọ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé, "Ẹ já orí rẹ̀ nìkan, ẹ má fà á tu o. Òun nìkan ló kù tó mọ̀ pé a wà níbí." Ẹ̀kọ àti ewé yẹn, láìsí epo, ni a jẹ títí ìyá mi fi bọ́ aṣọ opó.

Láti ìgbà náà, ìyá mi kò jẹ́ kí amúnútutù náà kú. Ẹni tó bá béèrè, á fún un ní èso rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi náà kú, ẹ̀gbọ́n mi ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ọmọ mi ní Maryland lókè òkun, ẹ̀gbọ́n mi di èso rẹ̀ sí etí ìborùn mi, ó ní, "Bó o bá débẹ̀, wá nǹkan gbìn ín sí, kó o lè máa rí wa."

Ẹ̀gbọ́n mi kú nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí. Mi ò lè lọ sin ín. Ọmọ mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ni mo sunkún nínú ilé wa ní Riverdale Park títí ojú mi fi wú. Lẹ́yìn náà, ọmọ mi bá mi ra àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tí mo máa gbin èso náà sí, ó lu ihò sí ìdí wọn, ó kó wọn sí orí símẹ́ńtì ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n ń pè ní pátíò, ó sì so okùn tí ẹ̀fọ́ náà máa fà gùn.

Nínú oṣù kẹta, òjò ńlá kan rọ̀. Òórùn ilẹ̀ gba ilé kan, ara mi yá. Nílé wa, òjò tó bá ṣí ọdún ni wọ́n fi ń gbin nǹkan, ta ló ń wo kàlẹ́ńdà? Ọmọ mi wọlé láti ọsibítù, ó rí mi tí mo ń tú ìborùn.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró di May. Frost ṣì lè wá."

"Òjò ti rọ̀. Kí ni mo tún ń dúró dè?"

Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó bá mi jiyàn lọ, ó lọ sùn. Mo gbin gbogbo rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ọ̀kankan ṣẹ́kù sínú aṣọ bí òkú tí a fẹ́ sin.

Ọ̀pọ̀ jẹrà nínú ilẹ̀ tútù. Díẹ̀ hù, ọ̀kan tilẹ̀ ti fọwọ́ kan okùn, inú mi sì dùn débi pé mo ń bá a sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, mo ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì, mo rí i tí gbogbo wọn ti dúdú, tí wọ́n rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Òtútù òru, frost tí ọmọ mi sọ, ti pa wọ́n. Ọmọ mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń fi ìka wú iyẹ̀pẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, bóyá á rí ẹyọ kan tó ṣì dára. Kò rí. Kò sọ pé òun ti kìlọ̀ fún mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo pe ilé pé kí wọ́n já èso rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, a ti wó balùwẹ̀ yẹn. A ti da kọnkéré síbẹ̀, ibẹ̀ la ń páàkì mọ́tò sí." Mo ní kó bá mi béèrè ní àwọn ilé tí ìyá mi fún ní èso rẹ̀. Ó lọ, ó sì pè mí padà. Kọnkéré ló wà níbẹ̀ náà, ọjà ni wọ́n ti ń ra ẹ̀fọ́.

Ọmọ mi ti ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà. Ó ń fà dáadáa lórí okùn báyìí, a sì ń sè é. Ó dùn. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ wá rí.

Láyé ìgbà yẹn, bí ẹ̀fọ́ ẹnìkan bá kú lẹ́yìnkùlé, á gba ọmọ rẹ̀ padà lójúlé kejì, kò sì ní di ọ̀rọ̀ ẹkún. Níbí, pákó ló wà láàárín pátíò wa àti ti aládùúgbò. Mo máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀, mi ò mọ ojú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìyá yín bá fi irúgbìn lé lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ fún ẹlòmíràn níbẹ̀ kí ẹ tó gbin tiyín. Èmi gbin tèmi tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nítorí pé òjò rọ̀.