Iná Iwájú Orí Tí Mo Rà fún Ìyá Mi

Ilé wa ní Kemta fi ẹ̀yìn ti àpáta. Yàrá tí ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́ ló sún mọ́ àpáta náà jù. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, èèyàn sì lè na ọwọ́ láti ojú fèrèsé yẹn kan òkúta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀yìnkùlé ni ìyá mi máa ń gbé tábìlì wọn sí. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, inú yàrá ni iṣẹ́ máa ń wà, nítorí pé ẹ̀kọ tí a bá fi ya àrà sára aṣọ kò gbọdọ̀ fara kan omi. Lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ nínú yàrá náà a dà bí ìrọ̀lẹ́. Ní ti iná mànàmáná, ẹni tó bá gbé Abẹ́òkúta láyé ìgbà náà kò ní béèrè lọ́wọ́ mi.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ ìyá mi, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n sì fi ń yà á. A óò ro láfún, a óò fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, wọn óò wá máa ti ìyẹ́ bọ inú ẹ̀kọ náà, wọn óò máa fà á lórí aṣọ funfun ní ìlà ìlà. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Bí aṣọ bá ti ọ̀dọ̀ aláró dé, tí a ha ẹ̀kọ kúrò, ìlà náà yóò yọ ní funfun. Bí ìlà bá já níbì kan, aró yóò gba ibẹ̀ wọlé, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí wọ́n sọ ìlú wa di olú-ìlú ìpínlẹ̀, èmi ti jáde ilé ìwé gírámà, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní yàrá fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Ìgbà yẹn ni ìlà ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Alájà kan ló ń kó aṣọ funfun wá fún wọn, tó sì ń kó àdìrẹ lọ tà. Wọ́n ti ń bá ara wọn bọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Lọ́jọ́ kan, Alájà tẹ́ aṣọ kan sílẹ̀ lójú gbogbo wa, wọ́n fi ìka tọ́ka sí ẹyẹ kan.

"Ìyá Akọ̀wé, ẹyẹ yìí arọ ni, àbí kí ló dé tó fi ẹsẹ̀ kan dúró?"

"Ó ń sinmi ni," ìyá mi dáhùn. "Ẹyẹ kì í sinmi ni?"

"Mẹ́fà ni mo kà. Ṣé àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló jọ rẹ̀?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, Alájà náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, Alájà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mi ò fẹ́ bá ọ fa ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n o mọ àwọn ọkùnrin tó ń gé àrà sára páànù, tí wọ́n ń ti ẹ̀kọ gba inú rẹ̀. Tiwọn kì í lẹ́wà tó tìẹ, àmọ́ kì í já. Mẹ́wàá ni mo gbé wá yìí. Tí wọ́n bá tún rí báyìí, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa gbé aṣọ mi lọ."

Nígbà tí Alájà lọ tán, ìyá mi jókòó, wọ́n ń fọ ìyẹ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ń ya aṣọ láti ìgbà tí wọ́n fi ń gun àpótí kí wọ́n tó lè rí orí tábìlì. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò bá mi sọ̀rọ̀: "Tí mi ò bá ya aṣọ mọ́, kí ni mo fẹ́ máa fi ọwọ́ yìí ṣe?"

Mo gbà pé ìmọ́lẹ̀ ni kò tó. Láńtánì ni wọ́n ń lò, orí ìṣó lókè ògiri ni wọ́n sì ń gbé e kọ́ sí, torí wọ́n ń bẹ̀rù kí ó má dà lé aṣọ oníaṣọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ wá kò lágbára, orí àti èjìká wọn a tún dí i. Mo rántí iná tí àwọn ọdẹ máa ń so mọ́ iwájú orí. Ibi tí ojú bá kọ sí ni iná náà kọ sí. Mo mú rúlà, mo wọn bí iwájú orí ìyá mi ṣe jìnnà sí aṣọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Ó jẹ́ rúlà kan àti ìdajì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní Sátidé, a lọ sọ́dọ̀ baba kan tó ń ta tọ́ọ̀ṣì, bátìrì àti gíláàsì láńtánì ní Aké. Irú mẹ́ta ló ní. Èkíní ni ti àwọn ọdẹ gan-an: omi máa ń kán lé kábáàdì nínú agolo kékeré, atẹ́gùn tó bá jáde lára rẹ̀ ni iná ń jó. Ó funfun, ó sì ń rùn bí aáyù.

"Kí n gbé iná tó ń jó lé orí gèlè?" ìyá mi ní. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ sun mí ni?"

"Kò sí ọdẹ tó tíì jóná lọ́wọ́ mi."

"Ọdẹ kì í wé gèlè."

Èkejì ò ju tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ, tí wọ́n rán mọ́ okùn rọ́bà. Bátìrì méjì ló ń jẹ. Iná rẹ̀ pọ́n, kò lágbára, ó sì tàn káàkiri bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó ń fọ́ òkúta. Bátìrì rẹ̀ wà nínú àpótí tí a ń so mọ́ ìdí, wáyà gba ẹ̀yìn gòkè dé orí. Kì í ṣe bátìrì tí èèyàn ń jù nù: tí ó bá rẹ̀ ẹ́, a óò gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì mọ́tò, a óò sì gbà á lọ́jọ́ kejì. Iná rẹ̀ funfun, ó mú, ó sì ṣù pọ̀ rọ̀ǹdọ̀.

Mo ní kí baba ti ilẹ̀kùn. Mo yọ ìwé ìròyìn kan nínú báàgì mi, mo fi rúlà wọn bí yóò ṣe jìnnà tó, mo sì ní kí ìyá mi so iná méjì yòókù mọ́rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka lẹ́tà tó kéré jù fún mi.

"Akọ̀wé, ṣé ìdánwò lo kó ìyá ẹ wá ṣe ni?" baba béèrè.

"Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é," ìyá mi ní. "Èmi ni mo san owó ilé ìwé rẹ̀."

Mo kọ ohun tí wọ́n rí kà sílẹ̀. Iná èkejì, ọ̀rọ̀ ńlá nìkan. Iná ẹ̀kẹta, títí dé ìsàlẹ̀ ìwé láì fún ojú pọ̀. Ẹ̀kẹta ni mo rà. Inú mi dùn pé n kò fi ojú lásán yàn án.

Ìyá mi lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí mo bá ti ọ́fíìsì dé, tí mo béèrè bó ṣe ń ṣe sí, wọn á ní, "Ó mọ́lẹ̀ gan-an." Mẹ́rin nínú aṣọ mẹ́wàá náà kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ aláró. Nígbà tí wọ́n dé, a ha ẹ̀kọ kúrò. Ìlà gun orí ìlà. Ewé ẹ̀gẹ́ kan ní ọpá méjì. Igun kan wà tí wọn kò fi nǹkan kan sí rárá, ó dúdú kirikiri.

"Ẹ̀kọ yẹn ń sá fún mi ni," ìyá mi wí. "Tí mo bá yà á tán, tí mo gbé ojú padà síbẹ̀, n kò ní rí i mọ́. Ọwọ́ mi ni mo ń tẹ̀ lé."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣé kí n wá sọ pé ohun tí ọmọ mi rà fún mi kò jẹ́ kí n ríran?"

Mo wọ yàrá lọ fúnra mi. Mo so iná náà mọ́rí, mo fi ìyẹ́ fa ìlà kan sórí aṣọ tí wọn kò tíì yà. Lóòótọ́ ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀kọ funfun ni, aṣọ funfun ni, iná tó ń ti iwájú orí wá sì bò wọ́n pọ̀, ó sọ wọ́n di ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ìwé ìròyìn mi. Lẹ́tà dúdú lórí ìwé funfun ni mo fi dán ojú ìyá mi wò, èmi tí mo ti ń ro láfún fún wọn láti kékeré.

Okùn náà ń fún mi lórí. Mo tú u, mo gbé iná náà sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá ń gba ojú aṣọ lọ ní ìbú, ìlà tí mo fà sì dìde. Ó ní ẹ̀gbẹ́ tó mọ́lẹ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́ tó ní òjìji, bí ebè nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀.

Mo pe ìyá mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ojú sún mọ́ ọn.

"Hẹ̀n-ẹ́n," wọ́n ní. "Òun nìyẹn." Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọwọ́ bo ojú. "Àmọ́ iná yìí le jù. Ẹ̀bá rẹ̀ ń kọ mànà, ibi tó jìnnà sì ṣókùnkùn."

Nítorí náà, a tún padà sí Aké. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò mú ìwé ìròyìn dání. Aṣọ pélébé kan tí ẹ̀kọ ti gbẹ lára rẹ̀ ni ìyá mi ká sínú àpò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ yìí," wọ́n wí fún baba.

"Ẹ ra iná orí, ẹ wá fẹ́ máa gbé e sílẹ̀?"

"Bàbá, ṣé orí mi ni mo fẹ́ yà ni?"

Baba kúnlẹ̀ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, ó ń ti iná síwá sẹ́yìn bí ìyá mi ṣe ń darí rẹ̀. Wọn kò bi mí léèrè nǹkan kan, n kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì kékeré náà, èyí tí iná rẹ̀ pọ́n. Títàn káàkiri rẹ̀ tí mo kà sí àléébù gan-an ló mú kó dé igun aṣọ láìfọ́ wọn lójú.

"Èyí tó ṣe pọ́ọ́kú jù!" baba ní. "Ká ní ẹ tètè sọ." Mo bẹ̀ ẹ́ kó gba iná ńlá náà padà. Ó gbé e sí imú, ó ní, "Ó ti ń rùn bí ẹ̀kọ, Akọ̀wé. Máa mú tìẹ lọ." Ọ́fíìsì ni mo gbé e lọ. Ó wúlò fún mi gidigidi láàárín àwọn fáìlì, níbi tí lẹ́tà ti dúdú, tí ìwé sì funfun.

Nígbà tí Alájà padà wá, ìyá mi fúnra wọn ló kó mẹ́rin tó bàjẹ́ sókè. "Wo ìwọ̀nyí ná. Èmi ni mo bà wọ́n jẹ́." Alájà wò wọ́n. Wọ́n wá ṣí mẹ́fà yòókù, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n gbé wọn lọ sójú fèrèsé. Lára èyí tó kẹ́yìn, wọ́n fi èékánná tọ́ka sí ibì kan.

"Ó já níbí."

"Ọ̀dọ̀ aláró ló ti já. Nígbà tó kúrò nílé yìí, ó pé."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo rí i," ìyá mi wí.

Alájà ká aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n dì wọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n tú ẹrù kan tí wọ́n ti gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n wọlé. Aṣọ funfun tuntun ni, mẹ́wàá.

"Ọ̀dọ̀ àwọn onípáànù ni mo fẹ́ gbé e lọ láti ibí," wọ́n ní, wọ́n sì gbé e sórí tábìlì.

Ìyá mi tẹ́ ti òkè pátápátá, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nà án láti igun dé igun, wọ́n sì ní kí n lọ gbé omi láfún kaná.