Fíìmù Tí Bàbá Ti Ń Sáré

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń lé bàbá mi?"

Ohun tí Bọ̀dá Múfú kọ́kọ́ sọ nìyẹn bí wọ́n ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàngótẹ̀dó. Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ fíìmù àtijọ́ di fídíò, èmi ni mo sì ṣe ti bàbá wọn yìí. Àlejò kan ló ya bàbá wọn létí òkun Eleko, níbi tí wọ́n ti ń fa àwọ̀n. Bàbá ti di olóògbé, kò sì sí àwòrán wọn mìíràn nílé. Màmá wọn, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wò ó, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó ń sáré bí ẹni tí oyin ń ta yẹn.

Àwòrán kéékèèké tó ń tẹ̀ léra ni fíìmù. Kámẹ́rà ayé ọjọ́un sábà máa ń ya mẹ́rìndínlógún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fídíò tiwa ń fi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n hàn. Tí a bá kàn dà á sínú tòní bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn á máa sáré. Àfi ká fi àwọn àwòrán kan hàn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Eleko fúnra mi.

Màmá wò ó, wọ́n mi orí. "Wọ́n tún wá ń wọ́ ẹsẹ̀. Ọkọ mi ò yarọ o!"

"Àǹtí, ẹ ò ní pa wá lẹ́rìn-ín now," Bọ̀dá Múfú ní.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà iye àwòrán tó ń yà kì í dọ́gba; ó lè ju mẹ́rìndínlógún lọ. Mo bá bi Màmá pé orin wo ni wọ́n fi ń fa àwọ̀n nígbà náà. Wọ́n dá a, wọ́n ń fọwọ́ lu itan, ọmọ wọn ń gbè é. Ibi tí orin bá ti kanlẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti fa okùn àwọ̀n. Mo ń sún iye náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí okùn àti orin fi bára mu. Inú mi dùn débi pé èmi náà ń gbè é.

Lórí fídíò, àwọ̀n gúnlẹ̀. Bàbá ju okùn sílẹ̀, wọ́n ń bọ̀, èjìká ọ̀tún ló ń ṣáájú.

Màmá dá orin dúró. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti kúnlẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ kú àbọ̀ o, Bàbá Múfú. Ẹ kú ewu omi."

Bọ̀dá Múfú kọjú sókun. Nígbà tí fídíò parí, Màmá ò tíì dìde. Mo bá dá a padà síbi tí Bàbá ti ń bọ̀.