Omi Eérú àti Ọsàn Wẹ́wẹ́

Òórùn àdín tó ń gbóná lórí iná ló máa ń jí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ọ̀yọ́. Kì í ṣe òórùn tí èèyàn ń gbádùn. Á lẹ̀ mọ́ aṣọ ilé ìwé mi, àwọn ẹgbẹ́ mi á sì máa bi mí bóyá inú ìkòkò ni mo sùn mọ́jú. Ọṣẹ dúdú ni ìyá wa ń sè, ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n sì ti ń sè é. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà nílé ọlọ́ṣẹ, ẹ mọ̀ pé èéfín máa ń ṣíwájú ìpè àsùbáà.

Èèpo kòkó gbígbẹ ni Màmá ń jó di eérú. Wọ́n á kó eérú náà sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, wọ́n á da omi lé e, omi ọ̀hún á máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú agbada tó wà nísàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Wọ́n á gbé e kaná títí á fi ki. Kí wọ́n tó da àdín sí i, wọ́n á ti ìyẹ́ adìẹ kan bọ inú rẹ̀. Bí ìyẹ́ náà bá ń já, omi eérú ti tó sè nìyẹn. Bí kò bá já, iṣẹ́ ṣì kù. Màmá kò lọ sílé ìwé rí lọ́jọ́ kan, síbẹ̀ mi ò rántí ọjọ́ tí ọṣẹ wọn bàjẹ́.

Ohun kan ni wọn kì í gbà láyè lẹ́yìnkùlé yẹn: ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí ohunkóhun mìíràn tó bá ti kan. "Omi eérú kì í fẹ́ kíkan," ni wọ́n máa ń wí, "á hó lé ọ lórí." Èmi rò pé ọ̀kan nínú àwọn èèwọ̀ tí àgbà fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ni.

Nígbà tí mo wọ SS1, Màmá ní sáyẹ́ǹsì ni mo máa ṣe, torí nọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ kí n dà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń kọ́ wa ní kẹ́místírì. Yàrá tó yẹ ká ti máa dán nǹkan wò, bẹ́ǹṣì àti ilé agbọ́n nìkan ló wà níbẹ̀, nítorí náà ẹnu la fi ń kọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ìdánwò ìparí sáà bá ti ń sún mọ́lé, tíṣà wa á mú wa padà sí ìpìlẹ̀, a ó sì jọ máa ké e bí ẹni ń ké kéú: "Ásíìdì pẹ̀lú béèsì, iyọ̀ àti omi." Ó ní kíkan inú ọsàn wẹ́wẹ́, ásíìdì ni. Ó ní eérú, ìdílé béèsì ló ti wá. Ó ní tí méjèèjì bá pàdé, wọ́n á pa agbára ara wọn. Ó tún dárúkọ nǹkan kan tó ń jẹ́ kábónéètì, àmọ́ ó ní ìyẹn di sáà tó ń bọ̀.

Mo sáré délé lọ sọ fún Màmá pé kẹ́místírì ni iṣẹ́ wọn. Inú wọn dùn débi pé gbogbo oníbàárà ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. "Ọmọ mi ti bá mi rí iṣẹ́ mi nínú ìwé," ni wọ́n ń wí. Orí mi wú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rìn káàkiri ẹ̀yìnkùlé yẹn bí ọ̀gá.

Àárọ̀ Sátidé kan, Màmá bu omi eérú tó ti ki sínú kọ́ọ̀bù, wọ́n gbé e kalẹ̀ kó tutù díẹ̀, wọ́n sì lọ wá ìyẹ́ adìẹ. Rísíkátù, àbúrò mi kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rin, rò pé tíì òun ni. Ó gbé e, ó mu ún. Igbe rẹ̀ ni a gbọ́.

Màmá gbé e mọ́ra, wọ́n ti ń sáré lọ sójú títì láti wá ọ̀kadà. Èmi ni mo dì wọ́n láṣọ mú. Mo ní kí wọ́n dúró, pé omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló máa pa agbára rẹ̀. Wọ́n ní rárá, pé á hó.

Mo ní, "Màmá, ti ọṣẹ lẹ mọ̀. Èyí wà nínú ìwé."

Wọ́n wò mí. Mo ṣì ń rí ojú tí wọ́n fi wò mí yẹn. Ojú ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbọ́kàn lé ìwé tí kò lè kà ni. Wọ́n ní, "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n," wọn ò parí ẹ̀, wọ́n bá jókòó sílẹ̀, wọ́n sì di orí Rísíkátù mú fún mi. Mo sáré ra ọsàn méjì lẹ́nu ọ̀nà wa, mo là wọ́n, mo fún wọn sí i lẹ́nu.

Ó hó. Ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu, ó ń gba imú, ọmọ náà sì ń bì. Omi eérú tó ti jó ọ̀fun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tún padà jó o bó ṣe ń bọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti ṣe ohun tí mi ò lè dá padà mọ́.

Wọ́n gbà wá nílé ìwòsàn kan l'Ọ̀yọ́, wọ́n tún ní ká máa gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Níbẹ̀ ni dókítà ti bi wá pé ta ló fún un ní nǹkan kíkan. Mo la ẹnu. Màmá ti dáhùn.

"Èmi ni, dókítà. Mi ò kàwé."

Dókítà bá wọn wí lójú gbogbo èèyàn. Ó ní a kì í fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọsàn, a kì í fún un ní epo pupa, a kì í mú un bì, ilé ìwòsàn ni a ń sáré gbé e lọ. Màmá wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ku àwa méjì, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, pé kí n lọ máa kàwé mi. Ojú tì mí, mo sì dákẹ́. Inú mi tún dùn pé wọ́n ní kí n dákẹ́, ìyẹn ló ń dùn mí jù báyìí.

Ọ̀fun Rísíkátù jinná, àmọ́ ó sún kì. Wọ́n á tì í ṣí nílé ìwòsàn, á tún padà sún kì. Ògì ló fi dàgbà. Màmá kò se ọṣẹ mọ́, àlùbọ́sà ni wọ́n ń tà títí wọ́n fi kú léṣìí.

Èmi kò di nọ́ọ̀sì. Yàrá kan ni mo gbà ní Under G, lẹ́bàá yunifásítì l'Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì tí kẹ́místírì ọdún àkọ́kọ́ ń dà láàmú, à ń padà sí ìpìlẹ̀ látorí átọ́ọ̀mù. Rísíkátù náà ti wọ yunifásítì lọ́dún yìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, ó sì ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a kan ásíìdì àti béèsì. Ọmọkùnrin kan béèrè pé tí ẹnì kan bá mu omi eérú, ṣé èèyàn lè fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa agbára omi náà. Mo kọjú sí pátákó. Mo ṣàlàyé pé kábónéètì ló pọ̀ jù nínú omi eérú, pé tí ásíìdì bá kàn án, kì í ṣe iyọ̀ àti omi nìkan ló ń jáde, gáàsì wà níbẹ̀, òun ló ń hó, òun ló ń mú ẹni náà bì. Mo ní ọsàn yẹn ló máa ń sọ ìjàǹbá kékeré di ńlá. Rísíkátù kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

A jọ ń rìn bọ̀ wálé, a ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì.

Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ rí i? Màmá ló fi ọsàn ba ọ̀fun mi jẹ́. Ká ní wọ́n kàwé ni."

Mo rántí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo jẹ́ nígbà yẹn. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló mọ̀, ó sì pariwo ẹ̀ títí àgbà fi gbọ́ tirẹ̀. Èmi ti mọ gbogbo rẹ̀ báyìí, Màmá kò sì sí láyé mọ́ tí wọ́n á fi tún dáhùn fún mi.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.