Ojú Idì Ka Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Rẹ̀

Ojú Idì ni wọ́n ń pe obìnrin yìí ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ilé ìwòsàn, torí ọdún méjìlélógún ló ti fi tẹjú mọ́ máíkírósíkóòpù. Wọ́n ní ojú rẹ̀ kì í ṣìnà. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́ pátápátá. Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ òfin kan mọ́ ògiri níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka ẹ̀jẹ̀ ìbátan rẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìwé kan jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí kò lè mí dáadáa ní wọ́ọ̀dù òkè. Ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ni.

Ẹ̀jẹ̀ funfun ni ọmọ ogun ara. Ṣùgbọ́n nínú àrùn yìí, bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan, ẹ̀jẹ̀ pupa tó tẹ̀ bí dòjé á kọ́ wọn lára, ọ̀nà á dí pa. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, irú nọ́ńbà yìí ló jáde fún ẹ̀gbọ́n ọmọ náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a láyé.

Fóònù dún. Dókítà ni.

"Mà, ṣé òótọ́ ni nọ́ńbà yìí? Bó bá lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlọ́gbọ̀n, a máa pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kíá. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, a máa ní sùúrù, torí pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà léwu."

Ìbéèrè gidi ni. Ẹ̀rọ a máa ṣi ẹ̀jẹ̀ pupa tí kò tíì gbó kà mọ́ funfun. Ojú ènìyàn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ojú Idì ti ilẹ̀kùn, ó tẹ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ náà sórí gíláàsì, ó kà á lábẹ́ máíkírósíkóòpù: àádọ́rin pupa àìgbó sí ọgọ́rùn-ún funfun. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún péré ni funfun tòótọ́! Ó mí kanlẹ̀. Ó tún un kà. Pupa di márùndínlógójì, funfun sì lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlọ́gbọ̀n.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wá bà á gan-an. Níbi tí ojú rẹ̀ bá ti ṣiyèméjì, bọ́tìnì tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ni ìka rẹ̀ ń tẹ̀.

Ó ṣílẹ̀kùn, ó pe Aláròyé, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. "Jọ̀ọ́, wá bá mi ka èyí."

"Háà! Ṣé idì ti fẹ́ wọ jígí ni?" Bó ti rí orúkọ ara gíláàsì, ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kà á, àbí?"

"Mo kà á."

"Mélòó lẹ rí?"

"Mi ò ní sọ fún ẹ. Ṣáà kà á."

Bọ́tìnì méjì ló wà lára ohun tí wọ́n fi ń kà á: ti funfun ń dún kó, ti pupa àìgbó ń dún kẹ́. Ojú Idì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run fún kẹ́. Kó. Kó. Kó. Kó. Kẹ́. Kó. Kó.

"Ẹ̀gbọ́n... pupa àìgbó ò ju méjìlá lọ."

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n nìyẹn. Ojú Idì gbé fóònù.

"Dókítà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi."

"Ó dá yín lójú, mà?"

"Ojú tèmi kọ́ ló kà á. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀."

Ó fa ìwé tó kọ àádọ́rin sí ya. "Aláròyé, ìwọ náà ni kó o bá mi yan ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ọmọ mi mu. Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, ó ń wo ẹ̀yìn Aláròyé lẹ́nu iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣe.